Kẹ̀kẹ́ Ológeere Létí Odò Saskatchewan

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà Ògún tó ni irin, nítorí ọ̀rọ̀ irin wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Kánádà ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Wọ́n ń retí kí n sọ̀rọ̀ ilé gíga àti ọjà ńláńlá. Mo rí wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kọ́ ni mo ń rántí. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń rántí, kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí bàbá mi fi ń lọ sóko.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan ni mo máa ń gùn láti Ìlobùú lọ sí Òṣogbo. Mo ń di ẹrù sẹ́yìn, mo ń gbé àbúrò mi síwájú. Nígbà tó yá, ọ̀kadà dé, mọ́tò dé, kẹ̀kẹ́ wá di ohun ìṣeré ọmọdé. Ó ju ogójì ọdún lọ tí n kò gùn ún mọ́ kí n tó lọ kí ọmọ mi obìnrin ní ìlú Saskatoon. Oṣù karùn-ún ni mo débẹ̀, ìparí oṣù kẹwàá ni mo kúrò. Ẹni ọdún 66 ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìlú náà ṣe rí. Ìpínlẹ̀ Saskatchewan ló wà, láàárín ilẹ̀ ọ̀dàn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ènìyàn bá dúró ní ìpẹ̀kun ìlú, yóò rí ibi tí ojú ọ̀run ti kan ilẹ̀, oko àlìkámà ló kún ibẹ̀. Ìlú náà kò tó Ìbàdàn, kò sì kéré. Ìkànìyàn ọdún 2021 rí ènìyàn 266,141 níbẹ̀. Odò South Saskatchewan ló la ìlú náà sí méjì. Láti orí àwọn òkè Rocky ní ìwọ̀-oòrùn ni omi rẹ̀ ti ń bọ̀. Orúkọ tí àwọn Cree, àwọn ọmọ onílẹ̀, ń pè é túmọ̀ sí odò tó ń ṣàn kíákíá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣàn. Afárá pọ̀ lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe Saskatoon ní Ìlú Afárá. Ọdún 1932 ni wọ́n parí Broadway Bridge, nígbà tí ìyà ń jẹ ayé, tí wọ́n fi kíkọ́ rẹ̀ wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́. Traffic Bridge ti wà láti 1907. Wọ́n wó o ní 2016, wọ́n sì ṣí tuntun ní 2018, pẹ̀lú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mọ́tò ló ṣì pọ̀ jù lójú títì wọn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó ní mọ́tò méjì nílé tún ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Mo rí ìyá ọlọ́mọ tó so kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀, ọmọ méjì jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ èso lọ. Mo rí bàbá arúgbó tó dàgbà jù mí lọ tó di ẹ̀fọ́ ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì ìlú ní irin níwájú tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ méjì kọ́, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè wọkọ̀ délé. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa níbí, bí bàbá ẹni ọdún 66 bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ́jà, wọ́n á ní ayé ti dorí kodò fún un.

Ọkọ ọmọ mi ní kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbé tì sí gáréèjì. Táyà rẹ̀ ti rọ̀, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà. Ó gbé wa lọ sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bridge City Bicycle Co-op, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ti ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Sípánà kún ara ògiri, òórùn ọ̀rá ṣéènì gba gbogbo ilé. Mo ní, "Ilé Ògún rèé." Mo bọ́ sí ìta, mo ta omi tútù díẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ baba kí irin má ṣe wá ní ìjà, kí n tó fọwọ́ kan sípánà kankan. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́wàá, ń wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni rí mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọmọ yìí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ sọ ọ́ níta. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ jáde, ó wo ìdè Ifá tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fa ọwọ́ aṣọ yín bò ó?" Ó dùn mí. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a wí, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fa aṣọ bò ó. Ọmọ kì í fi ipá mọ ilé baba rẹ̀.

Ọmọ yìí náà ló wá di olùkọ́ mi. Ó ní kí n dé akoto. Ó ní apá ọ̀tún ni à ń gbà, bíi tiwa níbí. Wọ́n ń fi apá sọ̀rọ̀ níbẹ̀: bí o bá fẹ́ yà sósì, o na apá òsì, bí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, o ká apá òsì náà sókè, bí o bá fẹ́ dúró, o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọjá lára ẹlẹ́sẹ̀, o lu agogo kí o tó dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwà ni mo pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lu agogo ti kí ẹnì kejì rẹ̀.

Èmi rò pé ibi tí kò bá ti sí òkè, kẹ̀kẹ́ gígùn kò ní ṣòro. Ìyẹn ni pé n kò mọ afẹ́fẹ́ ọ̀dàn. Kò sí igbó tó máa dá a dúró, kò sí òkè tó máa dínà rẹ̀. Ní àlọ, ó lè máa tì ọ́ lẹ́yìn, o rò pé agbára ẹsẹ̀ rẹ ni. Ní àbọ̀, ó dojú kọ ọ́, o ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń gun òkè tí ojú kò rí. Ọmọ mi ní àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn máa ń kọ́kọ́ dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí ara ṣì le, kí wọ́n lè fi ẹ̀yìn gbà á bọ̀ wálé. Mo ní ọgbọ́n ni. Mo sì ní kí wọ́n máa kí Ọya kí wọ́n tó jáde.

Ibi tí wọ́n ti ń gbafẹ́ jù ni etí odò. Ọdún 1979 ni wọ́n fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú àfonífojì odò náà. Meewasin ni orúkọ rẹ̀, èdè Cree ni, ó túmọ̀ sí "ó rẹwà". Ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sí etí odò lé ní 100 kìlómítà. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ní ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá, nítorí náà bí àwọn ènìyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ṣì ní odidi ọ̀sán kan láti lò. Òmíràn ń sáré, òmíràn ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré, òmíràn kàn tẹ́ aṣọ sórí koríko tó ń wo omi. Àti olówó, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ọ̀nà yìí ni mo ṣubú sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré, ẹ̀rù bà mí, mo fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì iwájú nìkan. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi kò dúró. Mo gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá sínú koríko. Orúnkún mi bó, akoto gba ti orí. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí sọ̀ kalẹ̀, ó fún mi lómi, kò lọ títí ó fi rí i pé mo dìde. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, ìdè ti já. Ìlẹ̀kẹ̀ ti fọ́n ká.

N kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí mo rí ọmọ-ọmọ mi tó kúnlẹ̀ sínú koríko. Ó ń ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń lọ sílé ìwé gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, wọ́n bi í léèrè ohun tó ń wá. Mo ń retí kó parọ́. Ó ní, "Ti bàbá àgbà mi ni. Ó ṣe pàtàkì." Àwọn náà sọ̀ kalẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìlẹ̀kẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń tún un sín. Ó bi mí ohun tí Ifá jẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. N kò sọ púpọ̀ fún un. Mo sọ ìwọ̀nba tí ó bèèrè.

Lẹ́yìn tí orúnkún san, ibi tí èmi àti rẹ̀ wá ń lọ jù ni ibi tí wọ́n ti fi ògiri dí odò, nítòsí afárá rélùwéè. Omi ń dà kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ẹja máa ń pọ̀ níbẹ̀, ẹyẹ òfú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfú funfun, tí ìyẹ́ rẹ̀ bá nà, ó lè tó mítà mẹ́ta. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń dé láti gúúsù bí yìnyín bá ti ń yọ́, gbogbo ìlú a sì máa ṣọ́ ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ yóò bà.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi obìnrin ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ará Ìlobùú mọ̀ pé ilé Erinlẹ̀ ni ilé wa. Kí ó tó lọ sí Kánádà, Ifá ti sọ fún un pé ibikíbi tó bá ń gbé tí odò ńlá bá wà, kó wá odò náà rí, kó bọ ọ́, kó tó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ti kọjá, kò tíì ṣe é. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Òfin wọn kò gbà kí ènìyàn ju nǹkan sínú odò. N kò sì fẹ́ kí wọ́n rí mi kí wọ́n pe ọlọ́pàá." Ó ní bí oorun kò bá wá lóru, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń rò.

Mo bínú. Mo ní ta ni yóò ní kí ọmọ mi má bọ odò? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti di àkàrà àti ẹ̀kọ sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo ní a ń lọ. Ọmọ-ọmọ mi wo ọ̀rá náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ọ̀rá yẹn ńkọ́? Òfú a máa gbé e mì." Ó sọ fún mi bí okùn ìpẹja ṣe ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo dákẹ́. Mo rántí Ọ̀ṣun wa nílé, bí omi rẹ̀ ṣe pọ́n nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò. Mo rántí ọ̀rá àti ike tí àwa fúnra wa ń fi sílẹ̀ létí omi lẹ́yìn ọdún, àwa tí à ń pe odò ní ìyá. Mo tú ẹrù náà. A jẹ àkàrà náà nílé.

Kí a tó tún ṣe ohunkóhun, mo ní a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Àlejò kì í wọlé kó má kí onílé. Lẹ́bàá Traffic Bridge, ère ọkùnrin méjì kan wà tí a máa ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ọ̀kan ni John Lake, òyìnbó tó wá tẹ ìlú dó ní 1882. Èkejì ni Olóyè Whitecap, ọmọ Dakota, tó tọ́ka ibi tó dára fún un láti tẹ̀dó sí. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, ní 1876, ni ìjọba ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ti bá àwọn Cree àti àwọn mìíràn ṣe àdéhùn kẹfà, Treaty 6, tó kan ilẹ̀ náà. Orúkọ ìlú gan-an, láti ara orúkọ èso kékeré kan tí àwọn Cree ń ká létí odò ló ti wá. Èso náà dùn. A ká a jẹ ní oṣù keje, ẹnu wa di aláwọ̀ aró.

Ní oṣù kẹjọ, a gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò lọ sí Wanuskewin, ọgbà àwọn onílẹ̀ ní àríwá ìlú. Àwọn baba ńlá wọn ti ń pàgọ́ síbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń dọdẹ ẹfọ̀n. Òyìnbó dé, ẹfọ̀n tán lórí ilẹ̀ náà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní ìparí 2019, wọ́n kó ẹfọ̀n 11 padà síbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ o. Ní 2020, níbi tí àwọn ẹfọ̀n yìí ti ń yí nínú eruku, wọ́n hú òkúta kan síta tí àwọn àgbà ti gbẹ́ àmì sí lára. Ernie Walker, onímọ̀ ohun àtijọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, ló rí i. Nígbà tí wọ́n wá a yíká, ó di òkúta mẹ́rin. Òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò rí, ẹfọ̀n tó padà wálé ló fi ẹsẹ̀ hú u jáde.

Mo bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ mi ń túmọ̀. Mo sọ fún un pé mo jẹ́ awo nílé, a sì fẹ́ kí odò yín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn bá fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ àgbà tàbí kí wọ́n já ewé, wọ́n á kọ́kọ́ fi tábà sílẹ̀, wọ́n á sọ orúkọ ara wọn àti ibi tí wọ́n ti wá. Ó ní, "Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún omi. Ẹ má fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ má mú ohun tí ẹ kò tọrọ." Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé ìjúbà ni àwa ń pè é.

Ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa mẹ́ta gun kẹ̀kẹ́ jáde. Òtútù ti ń mú, iná kẹ̀kẹ́ wa ń tàn níwájú. Ọkọ ọmọ mi kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n òun ló fún táyà wa ní afẹ́fẹ́ lálẹ́ àná ọjọ́ náà. A dé etí omi. Igbá kékeré kan àti obì abàtà olójú mẹ́rin tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa ni a mú lọ. Mo júbà àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Ọmọ mi sọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ mi, orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní láti Ìlobùú ni òun ti wá, ilé Erinlẹ̀. Ó bu omi odò náà sínú igbá, ó wúre sí i, ó fi bọjú, ó da ìyókù padà sínú odò. Mo da obì. Obì yàn. A pín in jẹ, ọmọ-ọmọ mi ní ó korò, a rẹ́rìn-ín. A kò fi nǹkan kan sílẹ̀, a kò mú òkúta kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n a ṣa ike àti ìdérí ìgò tó wà yíká ibẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́.

Bí a ṣe ń bọ̀, oòrùn yọ. Ọmọ mi gun kẹ̀kẹ́ níwájú wa, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé orí afárá, ó ní, "Bàbá, ó ti fúyẹ́." N kò bi í ohun tó fúyẹ́.

Ní ìparí oṣù kẹwàá tí mo ń bọ̀ wálé, yìnyín ti bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 30 àti 40 lábẹ́ òdo, síbẹ̀ àwọn kan a máa gun kẹ̀kẹ́ oníṣòó lẹ́nu táyà, àwọn ọmọdé a máa wọ bàtà onírin yọ̀ lórí omi dídì. Ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ Erinlẹ̀ kan kò kọjá rí kí òun má lọ kí odò, bí kẹ̀kẹ́ kò bá ṣeé gùn, òun a fẹsẹ̀ rìn. Ọmọ-ọmọ mi ń bá a lọ. Bó bá pè mí lórí fóònù, òun ló ń kọ́kọ́ sọ pé, "Àbọrú, Bàbá àgbà."

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní òkè òkun, ẹ má ṣe kó ẹrù ẹbọ wọ̀ wọ́n lọ́rùn jù. Ẹ bi wọ́n pé, odò wo ló wà nítòsí yín? Ẹ ti lọ kí i? Ta ló ni ilẹ̀ ibẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n rìn débẹ̀ tàbí kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí wọ́n mọ ibi tí ẹyẹ ń bà sí. Ẹni tó bá fi mọ́tò sáré kọjá lórí afárá kò tíì rí odò.

Èmi náà ti ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan níbí. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lójú ọ̀nà Òṣogbo tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kú ẹ̀rín. Kí Ògún má fi irin ṣe wá ní ibi. Kí omi tútù má tán ní ilé wa. Ire o. Àṣẹ.